Ara le koko, àtọ̀ ṣófo: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ Kóòṣì kan àti abẹ́rẹ́ tó ń gún

Ìyàwó rẹ̀ ni a kọ́kọ́ mọ̀. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn nìyẹn, oyún ò tíì wá rárá, obìnrin náà sì ti jẹ gbogbo ìyà tí wọ́n máa ń fi jẹ irú rẹ̀. Kó tó dé ilé ìwòsàn wa n'Íbàdàn, wọ́n ti ya àwòrán ilé ọmọ rẹ̀ níbòmíràn, wọ́n ti fi omi wò ó bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kò dí, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ó ti mu àgbo, ó ti gbààwẹ̀ lórí òkè. Gbogbo èsì rẹ̀ ló dára, síbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ò yé bú u. Nínú gbogbo ìwé tó kó wá, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ti ọkọ.

Nígbà tí ọkọ náà máa wá, kò wá nítorí ọmọ. Orí fífọ́ àti imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá. Ẹni ọdún 31 ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní jíìmù, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń lọ síbi ìdíje àwọn géńdé tó ń bọ́ra sílẹ̀ lórí ìtàgé láti fi iṣu ẹran ara wọn hàn. Kóòṣì làwọn ọmọ jíìmù ń pè é, orúkọ yẹn náà ni màá fi pè é níbí. Àwọn nǹkan díẹ̀ tí kò kan ọ̀rọ̀ àìsàn ni mo ti yí padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó bá 182/112. Ó wo apá Kóòṣì, ó wo ìdè ẹ̀rọ náà, ó ní èyí kéré sí apá yìí, ó sì lọ wá èyí tó fẹ̀ wá. (Ìdè tó bá há máa ń gbé iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń gbàgbé.) Ìdè ńlá náà fún wa ní 168/104. Kò dín kù tó bí a ṣe fẹ́.

Èsì lábù ló wá jẹ́ ká jókòó dáadáa. Ní ilé ìwòsàn tiwa, PCV (ìdá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, nínú ọgọ́rùn-ún) tó wálẹ̀ la mọ̀: ọmọ tí ibà ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ti Kóòṣì jẹ́ 58. Ọmọ lábù rò pé ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ ló ṣi iṣẹ́ ṣe, ó tún un ṣe, 58 náà ló tún jáde. Ó gbé ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín náà wá hàn mí: apá pupa ti kọjá ìdajì dáadáa, omi aláwọ̀ ìyeyè tó wà lókè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 50 sí 52. Ẹ̀jẹ̀ tó ki báyìí kì í sàn geere, ó lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí inú ọpọlọ.

Ohun tó ń fa PCV gíga kò pọ̀. Ẹni tó ń gbé orí òkè gíga, ẹni tó ń mu sìgá gan-an, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àìsàn kíndìnrín kan, àìsàn mùdùnmúdùn inú egungun. Ẹ̀yìn wọn ni testosterone, hòmóònù ọkùnrin, tí èèyàn gbà láti ìta. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń kọ fáìlì rẹ̀, ó ti bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan. Kóòṣì ní, "Rárá o, èmi kì í lo oògùn. Panadol pàápàá kì í kọjá ọ̀fun mi." Kò sì parọ́, ní ti bó ṣe rí i sí. Lójú rẹ̀, aláìsàn ló ń lo oògùn, ara tiẹ̀ sì le.

Ìbéèrè tí a wá bi í kò ní "ṣé" nínú mọ́. Mo ní, "Kóòṣì, tí ìdíje bá ti kù díẹ̀, kí lẹ máa ń gún, kí sì lẹ máa ń gbé mì?" Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n?" Nígbà tó padà wá, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú kan sórí tábìlì.

Ìgò kéékèèké òróró mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú agolo oògùn oníhóró kan. Ìgò àkọ́kọ́ jẹ́ àdàlù testosterone mẹ́rin, 250 mg nínú mílílítà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìgò méjì yòókù jẹ́ nandrolone decanoate, steroid kan tó fara jọ testosterone, 200 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bákan náà. Àwọn hóró náà ni methandienone, steroid mìíràn tí wọ́n ń pè ní Dianabol, mẹ́ta lóòjọ́. Ìgò kan péré ló ní nọ́ńbà NAFDAC lára, ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí sì ti ń ṣí kúrò. Ohun tó wà nínú àwọn tó kù, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní olúkúlùkù ló ń lo sìrìnjì tirẹ̀ ní jíìmù, ṣùgbọ́n inú ìgò kan náà ni èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ti ń fà á. Ibẹ̀ ni kòkòrò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú ti ń rí ọ̀nà wọlé, bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ká fi iye náà sí ojú ìwọ̀n. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò lè ṣe testosterone rárá, irú àdàlù yẹn la máa ń gún fún un, 250 mg ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Kóòṣì ń gbà lọ́sẹ̀ kan, a ò tíì ka nandrolone, a ò tíì ka hóró mọ́ ọn.

Nígbà tó bọ́ aṣọ, irorẹ́ kún ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀. Kókó kan tó ń ro ó wà lábẹ́ orí ọmú òsì, nítorí pé ara máa ń sọ lára testosterone tó bá pọ̀ jù di estrogen, hòmóònù tó ń mú ọmú obìnrin wú. Ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì ti sún kì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 8 ml lọ, bẹ́ẹ̀ 15 ml sókè ni ti àgbàlagbà. Ó ní òun ti rí i, ṣùgbọ́n àwọn àgbà jíìmù ti sọ fún òun pé yóò padà bọ̀ sípò tó bá yá. Mo wá béèrè ọmọ mélòó ló ní. Ó dákẹ́, ó sì dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Bí fáìlì méjèèjì ṣe bọ́ sórí tábìlì kan náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lóru, Kóòṣì lọ bá ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ fún un. Ẹni náà ní hòmóònù ọkùnrin ni hòmóònù ọmọ, kó fi kún un. Ó sì fi kún un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn oníṣẹ́ ìlera kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń rán hòmóònù méjì, LH àti FSH, sí ẹpọ̀n. LH ló ń sọ fún ẹpọ̀n pé kó ṣe testosterone, FSH ló sì ń bá a ṣètò irúgbìn ọmọ. Ọpọlọ máa ń ṣọ́ iye testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí èyí tó ti ìta wọlé bá pọ̀, ó máa ń ṣe bí ìyá tó rí i pé àwọn ọmọ ti jẹun yó níta: kò ní dáná. LH dákẹ́, FSH dákẹ́, ẹpọ̀n sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Testosterone inú ẹpọ̀n fúnra rẹ̀, tó yẹ kó pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po kí àtọ̀ tó lè ní irúgbìn, á lọ sílẹ̀ pátápátá, bó ti wù kí ti inú ẹ̀jẹ̀ ga tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti dán an wò gẹ́gẹ́ bí ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1990: 200 mg testosterone lọ́sẹ̀ kan. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó lé ní ìdajì àwọn ọkùnrin náà tí kò ní irúgbìn kankan nínú àtọ̀ mọ́. 500 mg ni ti Kóòṣì, nandrolone sì tún ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èsì àtọ̀ rẹ̀ jáde: òfo. Wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò, òfo náà ni. Testosterone inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá òkè ìwọ̀n jìnnà. LH àti FSH kéré dé ibi tí ẹ̀rọ ò lè kà á mọ́. Ọ̀nà tí ọ̀ràn yìí fi yà kúrò lára àwọn ọ̀ràn àtọ̀ òfo yòókù nìyí. Bó bá jẹ́ pé ẹpọ̀n ló bàjẹ́, bíi lẹ́yìn ṣegede, FSH á ga, nítorí ọpọlọ ń pariwo, ẹpọ̀n ò dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló dí, ẹpọ̀n á tóbi bó ṣe yẹ, FSH náà á sì wà níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n géńdé tí ara rẹ̀ kún, tí LH àti FSH rẹ̀ ti kú fin-in, tí testosterone rẹ̀ sì wà lókè téńté, ẹ má wulẹ̀ wá àrùn mìíràn kiri. Ẹ wá ìgò.

A yẹ àwọn ibi yòókù wò. HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C: kò ní ìkankan, a sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún un lọ́jọ́ náà. HDL, ọ̀rá tó ń ṣọ́ iṣan ọkàn, jẹ́ 17, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lé ní 40. Àwọn hóró gbígbé mì yìí ló máa ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jù. AST àti ALT rẹ̀, àwọn èròjà tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara pa, ga. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹni tó ń gbé irin wúwo, iṣan rẹ̀ náà ń tú àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ nìkan. GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ mìíràn, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kì í ti iṣan wá. Ti Kóòṣì ga díẹ̀, nítorí náà ẹ̀dọ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Creatinine rẹ̀, èròjà tí a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, náà ga, ṣùgbọ́n iṣan púpọ̀ nìkan lè gbé e ga, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ la gbẹ́kẹ̀ lé. A ò bá purotéènì nínú rẹ̀, ọkàn wa sì balẹ̀ díẹ̀ lórí kíndìnrín.

Àyà ni kò balẹ̀. Àwòrán ọkàn fi hàn pé ògiri apá òsì ọkàn rẹ̀ ti nípọn tó 14 mm, èyí tí kì í sábà ju 10 tàbí 11 lọ. Iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 47 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó yẹ kó tó 55. Àwòrán yẹn ló já a láyà. Ó ní òun ti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti òní lọ.

Inú wa dùn. A fi losartan àti amlodipine sí i fún ẹ̀jẹ̀ ríru, a fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kí PCV lè wálẹ̀ (ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè bóyá a lè gbé e fún aláìsàn mìíràn, a dà á nù), a sì ní kó padà wá lóṣooṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, ohun gbogbo ń lọ geere. Ṣùgbọ́n òróró náà ṣì wà nínú ẹran ìdí rẹ̀, ó ń tú jáde díẹ̀díẹ̀. Nandrolone decanoate kì í kánjú kúrò lára. Nínú eré ìdárayá tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wò, àṣẹ́kù rẹ̀ lè fara hàn fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí èyí tó ti ìta wọlé tán, tí ti inú kò sì tíì jí, Kóòṣì bọ́ sínú kòtò. Oorun lọ. Agbára lọ. Okó kò le mọ́. Irin tó ń fi ọwọ́ kan gbé tẹ́lẹ̀, ó di ohun tó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ jíìmù sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé Kóòṣì ti ń gbẹ. Kò wá ní oṣù kẹta.

Oṣù kẹrin ló wọlé, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń bá gbogbo èèyàn ṣàwàdà. Dókítà kékeré tó gbà á wo testosterone rẹ̀, ó rí i pé ó ga, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹpọ̀n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo wo ìlà tó tẹ̀ lé e: LH kò sí. PCV ti tún di 55. Ẹpọ̀n kì í dá ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé LH ti kọ́kọ́ jí, nítorí náà testosterone yẹn kì í ṣe ti inú rẹ̀. Bí a bá kọ testosterone nìkan sórí fọ́ọ̀mù lábù, à bá kí i kú oríire, kó sì máa lọ.

Mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi nọ́ńbà méjèèjì hàn án. Kò jà. Ó ní, "Dókítà, kì í ṣe nítorí iṣu ara mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mi ò lò ó yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé kí n kú." Mo bi í ní tààrà bóyá ó ti rò ó láti pa ara rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan lára wa máa ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn, wọ́n rò pé a lè fi í sí èèyàn lọ́kàn. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́, ẹni tó máa béèrè ni kò rí. Ó gbà kí a sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò gbà kí a sọ fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ náà la pe oníṣègùn ọpọlọ, ó sì rí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, a ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìpinnu akọni. A jókòó pẹ̀lú tọkọtaya, a ya ìlà sórí ìwé: ìgbà tí òróró yóò tán, ìgbà tí kòtò yóò dé, bí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn yóò ṣe rí, nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì wọn. Onímọ̀ hòmóònù fún un ní abẹ́rẹ́ hCG, tó ń ṣe iṣẹ́ LH fún ẹpọ̀n, lẹ́yìn náà clomiphene, tó ń ta ọpọlọ jí kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán LH àti FSH tirẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọ̀ràn báyìí ni wọ́n ṣe forúkọ àwọn oògùn yìí sílẹ̀, ẹ̀rí tó wà lórí wọn kò pọ̀, àwọn onímọ̀ kan sì wà tí wọ́n kàn máa ń dúró de ara. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ọmọ nìkan, èmi náà lè dúró. Ṣùgbọ́n dídúró lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀mí ọkùnrin yìí lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Oògùn tamoxifen tí àwọn ọmọ jíìmù ti tà fún un fún ìgbà tó bá dáwọ́ dúró, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kòtò náà tún wá. Kò jìn tó ti àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ pé yóò tán. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ wá láti Ìṣẹ́yìn, tó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìyàwó tí kò bímọ. Ìyàwó náà ló ròyìn rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì wa: Kóòṣì ní kí ìyá òun jókòó, ó ní, "Màámi, èmi ni. Ẹ má bú u mọ́." A ò rán an níṣẹ́ yẹn.

LH rẹ̀ hàn ní oṣù kẹrin tó dáwọ́ dúró ní tòótọ́. Oṣù keje, irúgbìn díẹ̀ fara hàn nínú àtọ̀. Nígbà tó pé ọdún kan, ó ti di mílíọ̀nù 9 nínú mílílítà kan, ó ṣì rẹlẹ̀ sí mílíọ̀nù 16 tí WHO fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń rìn dáadáa. PCV jẹ́ 46. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti dín sí ẹyọ kan. Ọkàn rẹ̀ ti ń tì tó 54, ògiri rẹ̀ ṣì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì lè ṣèlérí pé yóò padà tán. Kókó ọmú kò lọ, oníṣẹ́ abẹ ló yọ ọ́. Bí irú rẹ̀ bá ti pẹ́ tó sì ti le, oògùn kì í sábà ràn án. Oyún dé kó tó pé ọdún kan ààbọ̀. Bóyá oògùn ló ṣe é ni o, bóyá àkókò ni o, ẹyọ èèyàn kan ò lè sọ fún wa.

Nǹkan mélòó kan ti yí padà níbi iṣẹ́ wa látìgbà náà. Obìnrin tó bá wá nítorí ọmọ, a ò ní kọ àyẹ̀wò ilé ọmọ fún un kí àtọ̀ ọkọ rẹ̀ tó dé lábù. Òun ló rọrùn jù, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Testosterone kì í dá lọ sórí fọ́ọ̀mù mọ́, LH àti FSH ló ń bá a rìn. Ọkùnrin tó ń wá ọmọ tí testosterone rẹ̀ kéré, a kì í fún un ní testosterone. Ẹni tó bá sì fẹ́ dáwọ́ steroid dúró, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ kòtò yẹn fún un kó tó kúrò lórí àga, a sì ń fi ọjọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín wa. Kóòṣì mú ọmọ jíìmù méjì wá. PCV ọ̀kan jẹ́ 54, àwọn méjèèjì sì sọ ọ́ lójú wa pé àwọn ò tíì ṣetán láti dáwọ́ dúró. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a lé wọn lọ, pé bí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, à ń bá wọn lọ́wọ́ sí i nìyẹn. Èmi ò gbà. A fún wọn ní àjẹsára mẹ́dọ̀wú B, a ní kí wọ́n má fa abẹ́rẹ́ nínú ìgò tí ẹlòmíràn ń fà mọ́, kí wọ́n jáwọ́ nínú hóró tó ń pa ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì máa wá fún PCV. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 54 ti padà wá, ó sì fẹ́ mọ bóyá òótọ́ ni ohun tí Kóòṣì sọ nípa àtọ̀. A kọ àyẹ̀wò náà fún un.